Ògiri Ara Kòkòrò: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Múra Ìdánwò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ti lábù sọ ní Yaba, l'Ékòó. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n wá ka àwọn ìbéèrè tó ṣeé ṣe kó jáde fún yín. N kò ní ṣe é. Mo ti yẹ ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá wò, mo sì rí i pé olùdánwò kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé "dárúkọ" mọ́. "Ṣàlàyé ìdí" ló ń sọ. Ẹni tó bá kọ́ orúkọ ogójì kòkòrò sórí láìmọ ìdí kankan, á kàn jókòó ti ìwé ni títí wọ́n á fi ní kí ó gbé bírò sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Kí ẹ tó béèrè orúkọ bakitéríà, ẹ béèrè irú ògiri tó ní. Ògiri yẹn ló ń pinnu àwọ̀ tó máa gbà lórí síláìdì, oògùn tó máa pa á, àti ọ̀nà tó máa gbà dá aláìsàn dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ògiri á lè ronú dé ìdáhùn tí kò kà rí.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí ìdílé wọn. Bakitéríà wà, fáírọ́ọ̀sì wà, fọ́ńgọ́ọ̀sì wà (irú èyí tó ń mú búrẹ́dì bu, tó sì ń fa làpálàpá sórí ọmọdé), àwọn afòmọ́ bíi ti ibà náà wà. Bakitéríà kò ní núkúlíọ́ọ̀sì (àpò tó ń kó DNA sínú), ráíbósóòmù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó fi ń ṣe purotéènì, jẹ́ 70S ní ìwọ̀n. Fọ́ńgọ́ọ̀sì àti afòmọ́ ní núkúlíọ́ọ̀sì, ráíbósóòmù wọn jẹ́ 80S gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ṣòroó rí ju ti bakitéríà lọ: ohun tó máa pa á jọ ohun tó máa pa àwa náà. Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò ní ráíbósóòmù, kò ní ògiri; DNA tàbí RNA ló ní, pẹ̀lú purotéènì tó bò ó. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn nìkan ló ti lè bí sí i.

Ní ti títóbi, bakitéríà tó wọ́pọ̀ ń lọ bíi máíkírómítà kan sí mélòó kan. Maikirosíkóòpù onígílóòbù tó wà lórí tábìlì yín kò lè fi ohun tó bá kéré ju máíkírómítà 0.2 lọ hàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá kàn wá nínú pé fáírọ́ọ̀sì kéré? Ìtàn tó dáhùn rẹ̀ kan àdúgbò yìí gan-an. Lọ́dún 1925, Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ sí Yaba níbí láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Nígbà náà, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kéde pé bakitéríà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ po ló ń fa àrùn náà. Ìgbìmọ̀ Yaba wá a títí lára àwọn aláìsàn, wọn ò rí i. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, wọ́n fi gún ọ̀bọ kan tó wá láti India, ọ̀bọ náà sì kó àrùn náà. Wọ́n tún mú ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn, wọ́n sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Ohun tó sẹ́ jáde ṣì ń mú ọ̀bọ ṣàìsàn. Bí ọ̀rọ̀ bakitéríà ṣe parí nìyẹn.

Adrian Stokes, ará Ireland, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ibà náà mú un, ó sì kú sí Èkó níbí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibà kan náà ló pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Fáírọ́ọ̀sì tó wá láti ara Asibi ni wọ́n fi ṣe àjẹsára 17D, tí wọ́n ṣì ń gún wa títí dòní. Max Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1951. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè fi í hàn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ asẹ́ yìí sílẹ̀. Ọmọ Èkó tó bá lọ fi àpẹẹrẹ àrùn ewé tábà tí wọ́n sẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè nìkan dáhùn, tó fi ti Yaba sílẹ̀, kò ṣeun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀ ògiri.

Lọ́dún 1884, Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, wà ní Berlin, ó ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí otútù àyà pa wò. Ó fẹ́ kun kòkòrò kí ó lè hàn yàtọ̀ sí ara ẹ̀dọ̀fóró. Ó rí i pé àwọn kan di àwọ̀ mú, àwọn kan jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀nà ìkùn yẹn la ṣì ń lò. Ẹ da crystal violet lé e, gbogbo wọn á di elésè àlùkò. Ẹ da áyódíìnì lé e, á so pọ̀ mọ́ àwọ̀ náà, á di ègé ńlá tí kò rọrùn láti jáde. Ẹ wá fi ọtí tàbí ásítóònù fọ̀ ọ́. Ibí gan-an ni ọ̀nà ti pín. Ẹ fi safranin parí rẹ̀, kí àwọn tó ti pàdánù àwọ̀ lè gba pupa.

Kí ló dé tí àwọn kan fi pàdánù àwọ̀? Ògiri bakitéríà jẹ́ peptidoglycan. Ó dà bí àwọ̀n tí àwọn apẹja Màkókò ń hun: okùn rẹ̀ jẹ́ ṣúgà tó so kọ́ra wọn, kókó tó so okùn kan mọ́ èkejì jẹ́ ásíìdì àmínò. Àwọn Gram-pọ́sítíìfù, irú Staphylococcus tó ń fa eéwo, gbé àwọ̀n yìí lé ara wọn ní ìpele púpọ̀. Bí ọtí bá kàn án, á gbẹ, á sún kì, àwọ̀ náà á há sínú. Àwọn Gram-nẹ́gátíìfù, irú E. coli, ní ìpele tín-ín-rín kan, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní awọ ọlọ́ràá kan níta rẹ̀. Ọtí á tú ọ̀rá yẹn, ìpele tín-ín-rín kò sì lè di nǹkan kan mú, gbogbo àwọ̀ á ṣàn jáde.

Nítorí náà, tí wọ́n bá béèrè ìgbésẹ̀ tó léwu jù, ìgbà fífọ ni. Ẹ fọ̀ ọ́ jù, Gram-pọ́sítíìfù á di pupa. Ẹ kò fọ̀ ọ́ tó, Gram-nẹ́gátíìfù á dúró lẹ́sè àlùkò. Bakitéríà tó ti dàgbà jù lórí agar (oúnjẹ tí a ń gbìn ín sí) náà, ògiri rẹ̀ á ti rẹ̀, á máa purọ́ fún yín. Ẹ lo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Awọ ìta Gram-nẹ́gátíìfù yẹn ní ohun kan tí à ń pè ní LPS (lipopolysaccharide), ọ̀rá àti ṣúgà tó so pọ̀. Apá inú rẹ̀, lipid A, ni endotoxin, ìyẹn májèlé ara ògiri. Bí bakitéríà náà bá kú tó fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, LPS á tú jáde, ara á gbóná, ìfúnpá á já wálẹ̀, aláìsàn lè kú níbẹ̀. Olùdánwò fẹ́ràn kí ẹ fi í wé exotoxin. Exotoxin jẹ́ purotéènì tí bakitéríà ń tú jáde nígbà tó ṣì wà láàyè; iná máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́; a sì lè sọ ọ́ di toxoid (májèlé tí a ti pa oró rẹ̀) tí a ó fi ṣe àjẹsára, irú ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Endotoxin kò ṣeé sọ di toxoid, iná kò sì tètè bà á jẹ́. Ìyẹn ni pé omi dírípù tí bakitéríà ti kú sí lè má ní kòkòrò kan tó wà láàyè nínú, síbẹ̀ kí ó mú ẹni tí wọ́n fà á sí lára gbọ̀n jìnnìjìnnì.

Ẹ padà sórí àwọ̀n. Alexander Fleming rí penicillin lọ́dún 1928. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ọwọ́ ẹ́ńsáìmù tó ń ta kókó àwọ̀n náà. Bakitéríà tó ń dàgbà á máa nà, àwọ̀n rẹ̀ kò ní lè so, omi á wọ inú rẹ̀, á bẹ́. Àwa kò ní àwọ̀n yẹn lára, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pa wá. Láti orí gbólóhùn yìí nìkan, ẹ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Kí ló dé tí penicillin kò fi ran ọ̀fìnkìn? Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, kò ní ògiri. Kí ló dé tí kò fi ran otútù àyà tí Mycoplasma fà? Bakitéríà ni, ṣùgbọ́n kò ní ògiri rárá. Gram náà kò lè kùn ún. Kí ló dé tí ó fi ń pa èyí tó ń dàgbà ju èyí tó dákẹ́ lọ? Ẹni tí kò hun àwọ̀n lọ́wọ́ kò nílò kókó.

Àwọn bakitéríà náà kò sì káwọ́ gbera. Àwọn kan ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń já òrùka penicillin kí ó tó dé ibi tó ń lọ, beta-lactamase nìyẹn. Clavulanic acid tí wọ́n pò mọ́ amọ́kísílìn wà láti di ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. MRSA, ìyẹn Staphylococcus tí irú oògùn penicillin kò ràn mọ́, yí ẹ́ńsáìmù tó ń ta kókó padà sí irú èyí tí oògùn kò lè dì mú, clavulanic acid kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Máàkì ń ṣòfò níbẹ̀ lọ́dọọdún. Gbogbo èyí sì ni a ń tì lẹ́yìn bí a bá ra kápúsù mẹ́rin ní kẹ́míìsì Ojúẹlẹ́gba láti fi tọ́jú ọ̀fìnkìn.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ògiri tirẹ̀ lọ́tọ̀. Robert Koch ló kéde kòkòrò rẹ̀ ní Berlin, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ náà fi di ọjọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ lágbàáyé. Ògiri kòkòrò náà, Mycobacterium, kún fún mycolic acid, ọ̀rá tó le bí ìda. Àwọ̀ Gram kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Nínú ọ̀nà Ziehl-Neelsen, a ó da carbol fuchsin sí i, a ó fi iná sí abẹ́ síláìdì títí á fi máa rú èéfín, láìjẹ́ kí ó hó. Iná yẹn ló ń ti àwọ̀ gba inú ìda náà kọjá. Bó bá ti tutù, ásíìdì pẹ̀lú ọtí kò lè fa àwọ̀ náà jáde mọ́. A ó wá fi methylene blue kun ìyókù, kòkòrò á pupa, ibi tó kù á dúdú bí aró.

Ìda yìí kan náà ló jẹ́ kí oúnjẹ máa pẹ́ kó tó wọlé sí i lára. E. coli lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Tirẹ̀ ń gba bíi wákàtí 15 sí 20. Nítorí náà, a lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó hù lórí Löwenstein-Jensen, oúnjẹ tí a ń gbìn ín sí, nígbà tí GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá DNA rẹ̀, ń fún wa lésì láàárín wákàtí méjì. Nítorí náà sì ni ìtọ́jú fi ń gba oṣù mẹ́fà: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà rifampicin àti isoniazid fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la ń fẹ́, kì í ṣe itọ́. Síláìdì nílò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí mẹ́wàá kòkòrò nínú mílílítà kan kí ojú tó lè rí i. Bí ẹ bá gba itọ́ wá fún wa, àbájáde rẹ̀ á sọ pé kò sí àrùn, aláìsàn á sì padà wọ dáńfó lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí táífọ́ìdì, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí mi nínú. Kò sí òpópónà ní Mushin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ kò ní rí pátákó àyẹ̀wò ibà àti táífọ́ìdì. Ara ń gbóná, ẹni náà wọlé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò pẹ́ wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n kọ 1/160 sí. Ó ti di alárùn táífọ́ìdì nìyẹn, títí ayé. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa sọ fún yín pé táífọ́ìdì àwọn "tún ti dìde".

Àyẹ̀wò Widal nìyẹn, ti ọdún 1896. Kì í wá kòkòrò. Àńtíbọ́dì tí ara ṣe láti bá kòkòrò jà ló ń wá. O tí ẹ ń rí nínú ìwé rẹ̀ wá láti ara LPS, apá ògiri tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. H wá láti ara ìrù tí kòkòrò náà fi ń wẹ̀. Salmonella Typhi ló ń fa táífọ́ìdì, ṣùgbọ́n Salmonella tí kì í ṣe Typhi náà ní díẹ̀ lára àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó ti ní àrùn náà rí, tàbí tó gba àjẹsára, ṣì lè ní àńtíbọ́dì rẹ̀ lára. Ibà lásán lè gbé e sókè. Ní ìlú tí kòkòrò náà ti wọ́pọ̀, ìwé kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ohun tó lè sọ nǹkan ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà láàárín wọn, kí iye náà sì fi ìlọ́po mẹ́rin gòkè. Ta ló ń padà wá gba ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Ìdáhùn tí olùdánwò ń fẹ́ ni blood culture, ìyẹn kí a gbin ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí aláìsàn tó gbé àńtíbáyọ́tíìkì mì. Ti ìgbẹ́ máa ń dára sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Mùdùnmúdùn inú egungun ló máa ń fi í hàn jù, ṣùgbọ́n gbígbà rẹ̀ kò rọrùn. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó lára àgbàlagbà, mílílítà 8 sí 10, torí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pọ̀. Kí omi oúnjẹ inú ìgò sì fi ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ìdí? Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń pa bakitéríà. Omi náà ń là á kí agbára rẹ̀ lè dín kù.

Onígbáméjì ńkọ́? Vibrio cholerae, Gram-nẹ́gátíìfù, ó tẹ̀ bí kọ́mà, ó ń hù ní yẹ́lò lórí TCBS, oúnjẹ tí a ń gbìn ín sí ní lábù. O1 àti O139, àwọn irú rẹ̀ tó ń fa àjàkálẹ̀, orúkọ LPS rẹ̀ ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé endotoxin ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀, exotoxin ni. Kò wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò jẹ ara ìfun. Májèlé rẹ̀ ló wọ sẹ́ẹ̀lì ìfun, ó gbé cAMP (ohun tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) sókè, sẹ́ẹ̀lì sì ń da iyọ̀ jáde, omi ń tẹ̀ lé iyọ̀, ìgbẹ́ á funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ilẹ̀kùn tí sódíọ́mù àti gúlúkóòsì jọ ń gbà wọlé kò bàjẹ́ ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ORS, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún aláìsàn mu, fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn sì ni ṣúgà fi wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ pé ṣúgà wà níbẹ̀ kí ó lè dùn lẹ́nu ọmọdé, òdo ni màá fún un.

Lọ́dún 1854, John Snow tọpa àrùn yìí dé orí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, ní London. Àwa náà ní Broad Street tiwa ní erékùṣù Èkó, lẹ́yìn Marina. Kànga àti ṣaláńgá tó ti súnmọ́ra jù ni ìṣòro ọ̀hún nígbà náà. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí.

Arákùnrin kan nọwọ́ sókè níbí, ó ní: "Mà, ẹ ní ògiri ni gbogbo nǹkan. Ìrẹsì àríyá tí wọ́n sè, tí wọ́n tún gbé kaná ní ọjọ́ kejì, kí ló dé tó fi ń dá inú rú? Ṣé iná kò fọ́ ògiri ni?"

Ìbéèrè rere. Bacillus cereus ló sábà máa ń wà nínú ìrẹsì. Bí nǹkan bá le fún un, ó máa ń di spore: ó gbẹ, ó fi ẹ̀wù tó nípọn ju ògiri lásán lọ bo DNA rẹ̀, ó sì sùn. Omi tó ń hó kò pa á. Bí wọ́n bá fi kúlà ìrẹsì sílẹ̀ nínú ooru Èkó mọ́jú, spore á jí. Ká ní ó ń pín sí méjì ní ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan á di 16,777,216 láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, ìlọ́po méjì nígbà mẹ́rìnlélógún. Májèlé tó ń fa èébì tó ti ṣe sílẹ̀, gbígbé kaná kò lè bà á jẹ́. Ti Staphylococcus tó wá láti ọwọ́ alásè náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọtí 70% náà kò pa spore. Ẹ má sì ṣe rò pé ti 100% á sàn jù ú lọ: omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí purotéènì tó lè dàrú. Ọṣẹ ní tirẹ̀ ń tú fáírọ́ọ̀sì tó ní awọ ọ̀rá, irú ti Lassa àti Ebola. Èyí tí kò ní awọ ọ̀rá, bíi ti rọlápárọlẹ́sẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án lọ ni.

Ohun tó ń pa spore ni autoclave, ìkòkò onírú tí a ń fi pa kòkòrò ara ẹrù: 121°C, ìfúnpá 15 psi, ìṣẹ́jú 15. Ooru onírìnrìn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìfúnpá. Ìfúnpá kàn ń jẹ́ kí ooru omi ga ju 100°C lọ ni. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jáde tán kí ẹ tó dí ihò tó ń gbà jáde.

Arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló béèrè èyí tó kẹ́yìn: ṣé bí téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí bá ti di dúdú, ẹrù náà ti mọ́? Rárá o, ọmọ mi. Téèpù ń sọ pé ooru dé ara páálí. Kò sọ pé nǹkan kan kú nínú rẹ̀. Èyí tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni spore Geobacillus stearothermophilus tí ẹ kó sí àárín ẹrù, níbi tí ooru á ti pẹ́ dé jù. Bí ẹ bá gbé e jáde, tí ẹ fi sínú oúnjẹ rẹ̀ ní 55 sí 60°C, tí kò hù, ẹ lè tú páálí náà.